Páàdì Tí Mo Pààrọ̀ Lẹ́yìn Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tó ti pẹ́, mi ò sì lè jókòó tì í mọ́. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò, ṣe ni mò ń dìde tí mò ń jókòó. Mo tilẹ̀ lọ ṣí ìkòkò tí kò sí lórí iná.

Ọmọ mi ló fà á tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí. Tómi, àkọ́bí wa, bẹ bàbá ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó kọ́ òun ní mọ́tò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ síwájú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ajá tó ti bu àlejò jẹ. Ó ní, "Tómi, lọ sí driving school. Ẹsẹ̀ mi yìí ò ṣe é fọkàn tán. Òun ló ba ti Uncle Káyọ̀dé jẹ́."

Mo wà níbẹ̀. Mò ń gán ẹsẹ̀ kọ́tìnnì kan tí mo gbà lọ́wọ́ oníbàárà, torí kọ́tìnnì ni mò ń rán jẹun. Mo gbọ́ ohun tó sọ, mi ò sì dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi: ẹsẹ̀ ọkọ mi ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣì ń fẹ ojú ọ̀nà ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì, gbogbo wa ní ọ̀nà Ajah là ń jẹ eruku. Ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà là ń gbé, ibẹ̀ náà la ṣì wà. Ọkọ mi ní mọ́tò eré kan, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó rẹlẹ̀ débi pé tí mo bá wọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni pé mo jókòó sórí ẹní. Ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé kan nínú oṣù, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á gbé mọ́tò wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ Lákòwé. Àwọn kan ti ya ẹ́sítéètì tuntun síbẹ̀, wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà, wọn ò sì tíì kọ́lé kankan. Wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀, wọ́n á dí ọ̀nà nísàlẹ̀ àti lókè, wọ́n á dé akoto, wọ́n á máa sáré níkọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ṣe ìpáǹle. Àgbàlagbà tó ń wá ìgbádùn ni wọ́n.

Páàdì bíréèkì mọ́tò yẹn ló di ọ̀rọ̀ ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí yan páàdì ju bó ṣe yan aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ lọ. Tá a bá ń jẹun, páàdì. Tá a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, páàdì. Ó ní ti ìgboro máa ń di táyà mú láti àárọ̀, kì í pariwo, àmọ́ tí iná eré bá mú un, á yọ̀, kò ní dá mọ́tò dúró mọ́. Ó ní ti eré kò bẹ̀rù iná, iná gan-an ló ń jí i, àmọ́ tó bá tutù, oorun ló ń sùn, á sì máa han létí gbogbo ayé. Ó wá èyí tó lè ṣe méjèèjì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ó ra oríṣi méjèèjì. Ní Fúráìdè tó ṣáájú eré, á tú ti ìgboro, á fi ti eré sí i. Tó bá di Mọ́ńdè, á tún un tú.

Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé obìnrin ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa bíréèkì. Ó ti kọ́ mi tán lórí tábìlì oúnjẹ.

Lóṣù kan, Mọ́ńdè dé, kò tú u. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mìíràn dé, kò tú u. Mọ́tò yẹn ń han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì lókùn. Gétímáànì wa á ti kí wa kó tó rí wa. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sín in jẹ. Lọ́jọ́ kan tí mọ́tò tèmi bàjẹ́, mo gbé ti ọkọ mi láti lọ gbé kọ́tìnnì kọ́ ní Lẹ́kkí. Mo tẹ bíréèkì ní oríta Ajah, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan yọrí, ó ní, "Mummy, ẹ fún mọ́tò yín lóúnjẹ jàre, ebi ń pa á." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

Ojú nìkan kọ́ o. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe jáde ní gééètì ẹ́sítéètì, páàdì yẹn ṣì tutù, mo tẹ̀ ẹ́, kò tètè mú. Díẹ̀ ló kù kí n kọlu kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí ìyá ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó tú páàdì yẹn. Ó ní òun á tú u. Mo tún sọ, ó ní mo ti ń yọ òun lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ di ìjà. Ó ní, "Má fọwọ́ kan mọ́tò mi." Ó fìbínú wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Àbújá níbi iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe àkọ́kọ́. Mo mú páàdì ìgboro látinú páálí ẹ̀ lórí pẹpẹ, mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, Ọ̀gá Wàhéèdì, tó pa búkà iṣẹ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ajah. Mo ní kó pààrọ̀ ẹ̀. Ó tú u, ó fi ti ìgboro sí i. Ó di ti eré sínú nílọ́ọ̀nù, ó nà án sí mi. Ó ní, "Mummy Tómi, ẹ tell Ọ̀gá o. Wọn ò gbọdọ̀ fi eléyìí race o." Mo ní kó má ṣèyọnu, màá sọ fún wọn. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Fúráìdè, ó ra kílíṣí bọ̀ fún mi. Ìbínú ti lọ. A jẹ kílíṣí, a rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Mi ò fẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ mọ́tò sílẹ̀ kí ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní tó bá di àárọ̀, màá sọ ọ́. Mi ò rántí pé Sátidé eré wọn ni, àfìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ ẹ̀, dé láàárọ̀ tòun ti akoto lábíyá.

Wọ́n wọlé sínú mọ́tò. Ọkọ mi fẹ̀yìn rìn jáde, ó tẹ bíréèkì nídìí gééètì. Kò dún. Ó tún un tẹ̀. Kò dún. Ó sọ wíńdò kalẹ̀, ó wojú mi.

"Kí ló ṣe bíréèkì yìí tí ò pariwo mọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní àyè láti sọ òtítọ́. Mo wo Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, mo wo ọkọ mi. Mo rántí "Má fọwọ́ kan mọ́tò mi." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí bíréèkì bá ń han, àwọn mẹkáníìkì wa máa ń fi fáìlì ha etí páàdì, wọ́n á fi gíríìsì díẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ariwo á sì dákẹ́. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Mo ní, "Ọ̀gá Wàhéèdì ló bá wa fi fáìlì ha á, tó fi gíríìsì sẹ́yìn ẹ̀. Páàdì yín náà ni."

Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó dì mọ́ mi níwájú ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó fi oríkì mi pè mí. Ó ní, "O ṣeun gan-an. Ó yẹ kí n ti ṣe é fún ẹ tipẹ́." Wọ́n sì lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí mi ò pè é lórí fóònù. Mo mú fóònù. Mo gbé e sílẹ̀. Mo gé kọ́tìnnì, mo gé e kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, mo tún mú fóònù. Mò ń sọ fún ara mi pé páàdì ṣáà ni páàdì, mọ́tò á dúró. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kí n tó tún gbé fóònù náà, òun ló dún.

Ní ìparí ọ̀nà tó gùn jù, ọkọ mi tẹ bíréèkì, páàdì ìgboro ti gbóná, ó yọ̀, kò mú. Mọ́tò la òkìtì yanrìn kọjá, ó sì forí sọ gọ́tà. Ọkọ mi fara bó. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé fọ́ léegun orúnkún. Títí di òní, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ní ọsibítù, ohun kan náà ni ọkọ mi ń sọ ṣáá: "Mo pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo pẹ́." Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ sinmi." Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, mo ti pe àwọn tó ń ra mọ́tò tó fọ́, mo ní kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ. Àwọn èèyàn yìn mí pé mi ò fẹ́ kí ọkọ mi rí i kọ́kàn ẹ̀ má bàa bàjẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mi ò fẹ́ kó rí ni páàdì.

Ọ̀gá Wàhéèdì wá kí wa, ó gbé ọsàn lọ́wọ́. Nígbà tí mo sìn ín jáde, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mummy, ẹ sọ fún Ọ̀gá, àbí?" Mo ní mo sọ fún wọn. Ó wo ilẹ̀. Kò bi mí mọ́. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo búkà ẹ̀gbẹ́ títì kúrò nítorí ọ̀nà, ó kó lọ sí Ìkòròdú. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé òun nìkan ló mọ̀.

Ọkọ mi ò wa mọ́tò mọ́ láti ọjọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀. Tóun àti Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé bá ń lọ síbì kan, èmi ni mò ń wà wọ́n. Èmi níwájú, àwọn méjèèjì lẹ́yìn, ọ̀pá láàárín wọn. Tí mo bá tẹ bíréèkì, ọkọ mi á di àga mú. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé á wá máa fi mí ṣeré: "Ìyàwó wa, ìwọ gan-an ló yẹ kó máa sáré ní Lákòwé ọjọ́sí. Orúnkún mi ì bá má fọ́." Màá rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò tíì bá a. Ó rẹ̀ mí láti máa sá níwájú ẹ̀ ni.

Páàdì eré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Abẹ́ àjákù kọ́tìnnì ni mo tọ́jú ẹ̀ sí, nínú nílọ́ọ̀nù tí Ọ̀gá Wàhéèdì fi dì í. Mo ti yọ ọ́ jáde lónìí. Mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà. Ọkọ mi ò ní pẹ́ dé. Tómi wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sínú mọ́tò mi tó dúró sójú kan, ó ń yí sítíárìn ẹ̀, ó ń kọ́ ara ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Mi ò sì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ní mi ò jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ó lè lé mi. Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ò ní bá mi ṣeré mọ́. Àmọ́ ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun tẹ bíréèkì lásìkò. Mo lè sọ pé mo pààrọ̀ páàdì. Mo lè sọ pé mo purọ́. Èyí tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e gba ẹnu jáde ni pé ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dì mọ́ mi, ó ní mo ṣeun, mo sì dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín ló lè kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ìyẹn?