Aláṣọ Eérú Inú Àpò Ẹ̀gbọ́n Mi

Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni èmi àti ìyàwó rẹ̀ ń sá sóòrùn ní àárọ̀ yìí, kí n tó wá jókòó kọ èyí. Ọdọọdún la máa ń sá wọn lẹ́yìn òjò, kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ìyá wa ló máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìyá kú kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù kan wà láyà mi tí mo ti ń gbé láti ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà. N kò sọ ọ́ fún Ìyá kó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Sakété ni ilé wa wà. Òjó ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Faransé mú un lọ bá Jámánì jagun nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ìjọ Àgùdà ní Àjàṣẹ́. Kò tíì pẹ́ rárá tó gbé Abẹ̀ní níyàwó. Kamíọ̀, ọkọ̀ ńlá àwọn ológun, gbé e lọ láti ẹ̀gbẹ́ ọjà, a kò sì rí i mọ́. Kò sí òkú, kò sí ẹni tó sọ bó ṣe kú. Àwọn aláṣẹ kàn ní àwọn ń wá a ni. Ìyá ní ẹni tí wọ́n ń wá kì í ṣe ẹni tó kú. Ó kó aṣọ Òjó sínú àpótí, ó ní yóò wọ̀ wọ́n nígbà tó bá dé.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí igi ọ̀pẹ. Iṣẹ́ mi ni pé kí n ya àwòrán imọ̀ ọ̀pẹ tó ń ṣàìsàn, kí n sì fi àwọ̀ sí i bó ti rí gan-an. Yovó kan, òyìnbó Faransé tó jẹ́ ọ̀gá wa, rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Òun máa ń fi òjé ṣe ọmọ ogun kéékèèké tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Àwọn Jámánì tí ń wa ọkọ̀ ogun onírin ni. Ó ní òun bá wọn pàdé lójú ogun, òun sì sá. Ó ní ohun tó bá ti dẹ́rù ba ènìyàn rí, bó bá sọ ọ́ di kékeré, yóò lè wò ó lójú.

Èmi ni mo ń kun aṣọ wọn. Kò gba àṣìṣe. Ẹ̀wù wọn dúdú, ó kúrú, ó sì gba orí àyà kọjá kí bọ́tìnì má baà há mọ́ irin inú ọkọ̀. Táì wọn dúdú. Etí kọ́là wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, ó tín-ín-rín bí òwú, àwòrán agbárí òkú kékeré sì wà lára rẹ̀. Mo gé irun búrọ́ọ̀ṣì mi kù díẹ̀ nítorí agbárí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń sọ gbogbo èyí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi gbé òmíràn wá.

Ó ní, “Ọkọ̀ ti àwọn wọ̀nyí kò ní orí tí ń yí ìbọn kiri. Gígé ẹ̀wù wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Má kùn ún ní dúdú o.”

Mo po ọ̀dà náà títí ó fi rí bí eérú ìdí ààrò. Mo fi pupa gidi sí etí kọ́là. Mo gbé e dání wá sí Sakété lọ́jọ́ ìsinmi kí n lè parí ojú rẹ̀. Ó wà nínú báàgì mi nígbà tí Ìdòwú wọlé wa.

Ará Ìta-Jẹ̀bú ni Ìdòwú. Kamíọ̀ kan náà ló gbé òun àti Òjó lọ. Lẹ́yìn ogun, ó dúró sí Abidjan, kò wálé. Ìgbà tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò níbẹ̀ ló tó padà, ó sì tún tó àkókò kan kó tó ní láyà láti wá bá wa. Ìyá wà níbẹ̀, Abẹ̀ní wà níbẹ̀, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, sì ni olórí ilé.

Ìdòwú dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ní àwọn ti gbé ọwọ́ sókè, àwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ó ní ọkọ̀ onírin kan dé tó dà bí ahun tó fa orí wọlé. Àwọn ọkùnrin jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù kúkúrú tó gba orí àyà kọjá, aláwọ̀ eérú. Wọ́n ya òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n mú Òjó àti àwọn mìíràn lọ sẹ́yìn ọgbà kan. Ó ní òun rí i nígbà tó ṣubú.

“Kí wọ́n tó mú Òjó lọ, ó ní bí mo bá délé, kí n má pẹ́ kí n tó sọ fún yín.”

Bàbá Kékeré ní, “O kò sì pẹ́ lóòótọ́! Ìwọ Ìdòwú, ṣé ìgbín lo gùn bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé ni?”

Ìdòwú ní, “Ojú ló ń tì mí, Bàbá. Ojú ń tì mí pé èmi ni mo wà láàyè.”

Bàbá Kékeré wá ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a ó kó aṣọ Òjó sínú pósí, a ó sin ín dípò òkú rẹ̀. Abẹ̀ní yóò ṣe opó, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé káfíńtà kan wà ní Pobẹ̀ tó ń dúró dè é. Abẹ̀ní di ìró rẹ̀ mú.

Ìyá kọjú sí mi. “Àjọkẹ́, ìwọ lo mọ aṣọ àwọn Jámánì. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ onírin, irú aṣọ wo ni wọ́n ń wọ̀?”

Mo ní, “Dúdú ni, Ìyá.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìdòwú gbé orí sókè láti ilẹ̀. “Ọmọ ìyá mi, ronú dáadáa. Ṣé kò sí aláṣọ eérú rárá?”

Báàgì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo ní, “Kò sí.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ kamíọ̀. Ó ní, “Ẹ gbọ́! Ẹlòmíràn ló rí. Ọmọ mi ń bẹ.” Bàbá Kékeré ní kí Ìdòwú dìde, kó máa lọ, kó má fi òkú ọmọ ẹlòmíràn bo ojo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìta-Jẹ̀bú kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. “Ìdòwú Eérú” ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sọ fún ara mi pé nítorí Ìyá ni. Mo ní bí n bá sọ òótọ́, yóò kú. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan. Abẹ̀ní ló ń wẹ Ìyá, tí ara rẹ̀ kò le. Abẹ̀ní ló ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń bá a jí bí ìrora bá dé. Bí Abẹ̀ní bá lọ, èmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ni wọn ó pè wálé láti Pobẹ̀. N kò ní ọkọ, n kò ní ọmọ, mo ní tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì mi. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Káfíńtà náà dúró títí, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Abẹ̀ní kò bímọ. Irun rẹ̀ ti funfun báyìí. Kì í ṣe opó, kì í ṣe aya.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé aláṣọ eérú náà sọnù. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù lóòótọ́, n kò lè ṣe é. Mo fi í sínú àpò ẹ̀wù Òjó, torí kò sẹ́ni tí ń tọwọ́ bọ àpò ẹni tí kò sí nílé. Ìyá gan-an kì í ṣe é. Ó kàn máa ń na aṣọ náà ni, á sì tún ká a.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún Abẹ̀ní, nígbà tí n kò lè dá ọdún kan padà fún un? Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fáwọn ọmọ Ìdòwú ní Ìta-Jẹ̀bú? Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe irú èyí rí, tàbí tí wọ́n ti ṣe é sí rí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí àyè fún mi láti pẹ́ mọ́.

Ní àárọ̀ yìí, Abẹ̀ní gbọn ẹ̀wù náà kó tó nà án sórí okùn. Nǹkan bọ́ sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀. Ó mú un, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e sínú oòrùn. Ó wò ó pẹ́. Ìbàdíàrán lorúkọ tó fún mi nígbà tó kọ́kọ́ wọlé wa bí ìyàwó, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé. Kò gbé ojú kúrò lára ọkùnrin kékeré náà nígbà tó béèrè lọ́wọ́ mi pé:

“Ìbàdíàrán, ṣé kí Ìdòwú tó wá lẹ kun èyí ni, àbí lẹ́yìn tó lọ?”