Àwọn Hóró Tó Ń Kà Lójú Oorun

Alága ọjọ́ òní, Olóyè Ọ̀ṣìnúbí. Gíwá Yunifásítì Òkúta-Ìyè. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìyá ìjọ tó dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbààgbà Alápòtí tí ẹ fún wa nílẹ̀ nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ oko pákí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ gun ọ̀kadà láti Ìyànà Ìyèsí wá nínú ẹrẹ̀ òní. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, ẹ kú ìfẹ́ tí n kò tọ́ sí.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíọ́lá Akínyẹmí kà nípa mi. Bó ṣe ń kà á ni mo ń bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní Susanna Ògúnlàdé kì í bínú. Bíọ́lá! Ìwọ tí mo lé jáde ní lábù lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó o wà ní akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé o gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú fírísà tí à ń kó bakitéríà sí! O ti wá di olórí ẹ̀ka wa báyìí, o sì ṣe é dáadáa, o gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú. Ọlọ́run á gbè ọ́.

Mo dúpẹ́ fún fírísà tuntun tí ẹ fi rẹ́bọ́ǹnù pupa dè sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Mo dúpẹ́ pé ẹ ní ẹ ó fi orúkọ mi sọ lábù tuntun. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Tí mo bá fi lè jókòó lónìí láìsọ ọ́, kò sí ọjọ́ mìíràn tí n óò sọ ọ́ mọ́, mo mọ ara mi.

Ìkìrun ni wọ́n ti bí mi. Aránṣọ ni ìyá mi, kì í da ìrépé aṣọ nù. Tá a bá ń lọ sóde, á yọ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lára iná, á ká okùn rẹ̀ roboto, á fi ìrépé aṣọ ta á ní kókó méjì. Ó ní iná ìjọba ò ṣe é fọkàn tán. Èmi náà kọ́ ọ, ó mọ́ mi lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ṣiṣẹ́ mọ kókó méjì yẹn, ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màmá ti tún dì í bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù ìyàwó.

Ọdún 2003 ni mo dé ibí. Lákòókò yẹn, bí ìjọ kan bá ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdíìrókò, òmíràn á ra tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yunifásítì sì ń yọ bí olú. Inú kọ̀ntẹ́nà la ti bẹ̀rẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ yín. Síbẹ̀, inú mi dùn nígbà náà ju bó ṣe dùn lónìí lọ.

Kí ni iṣẹ́ mi? Mo máa ń bu erùpẹ̀ ní Alápòtí, ní Ìgbẹsà, létí gọ́tà àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáńgò, mo sì máa ń wá kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Bakitéríà kan, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni. Nígbà tí mo wà níléèwé, wọ́n kọ́ wa pé àpò omi lásán ni. Irọ́ ni! Láàárín ọdún díẹ̀ sí àkókò yìí, ayé ti rí i pé ilé ńlá ni àpò kékeré yẹn. Ó ní òpó tó gbé e ró, ó ní ẹ̀rọ tó ń yí tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì mọ bó ṣe ń ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Èyí tó fà mí mọ́ra jù nínú wọn ni àwọn tó máa ń sùn. Tí ebi bá dé, wọ́n á ká ara wọn jọ, wọ́n á di hóró líle. Wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mira. Oòrùn á pa wọ́n, ọ̀gbẹlẹ̀ á bá wọn, ọdún á gorí ọdún, wọn ò ní kú. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá padà dé, wọ́n á jí.

Ní ọdún 2009 ni Nùrẹ́nì dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ lábù. Ọmọ Ìséyìn ni, ó ti ṣe iṣẹ́ ọṣẹ ní Ṣáńgò fún ọdún mẹ́rin kó tó ríṣẹ́ síbí. Àwọn kan bi mí pé kí ni mùsùlùmí ń wá nílé-ẹ̀kọ́ ìjọ, mo ní iṣẹ́ ló ń wá. Ojú ọmọkùnrin yẹn! Ohun tí èmi bá wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí n kò rí, ẹ̀ẹ̀kan ni Nùrẹ́nì á wò ó, á ní, "Ó wà lápá òsì yẹn, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sáré wọ ọ́fíìsì mi, kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn.

"Mà, ẹ wá wò ó! Mo fún àwọn tó sùn yẹn ní oúnjẹ fírí, mo fọ̀ ọ́ kúrò. Wọn ò jí. Mo tún fún wọn fírí, wọn ò jí. Ẹ̀ẹ̀kẹta báyìí, àwọn tí mo ti kọ́kọ́ fún ti ń jí, àwọn tí n kò fún rí ṣì ń sùn. Mà, wọ́n ń kà á, iye ìgbà tí oúnjẹ kàn wọ́n!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Nùrẹ́nì, òkú ń ka nǹkan?"

Ó ní, "Wọn ò kú, mà. Wọ́n sùn ni. Wọ́n ń kà á lójú oorun."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tọ̀nà. Ọdún méjì la fi tún un ṣe ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ó tọ̀nà. Hóró tó ṣe é hàn jù, létí odò kan lẹ́yìn Alápòtí la ti bù ú, inú fírísà wa ló sì wà pẹ̀lú gbogbo ìyókù tí mo ti kó jọ fún ọdún mẹ́tàlá. Ó ku kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré kí a tó kọ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún 2016 ni. Mo ti fún Nùrẹ́nì láyè kó lọ sílé ní Ìséyìn. Àwa náà ń lọ sí àpéjọ ńlá ìjọ, ọgbà yunifásítì yóò wà ní títì láti Ọjọ́bọ̀ títí di ìdájí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé agbègbè Ọ̀tà, ẹ mọ iná wa. Tó bá lọ jẹ́ẹ́, tagbára-tagbára ló fi ń padà, tẹlifíṣọ̀n ta ni kò tíì jó rí níbí? Èmi ni mo jáde kẹ́yìn. Mo yí gbogbo lábù ká, mò ń kọrin ẹ̀mí lẹ́nu, mò ń yọ gbogbo nǹkan lára iná, mò ń ká okùn wọn, mò ń fi ìrépé aṣọ ta wọ́n ní kókó méjì. Mo dé ìdí fírísà. Ọwọ́ mi ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára.

Èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè wọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn dáadáa: èmi, Susanna Ògúnlàdé, ni mo yọ fírísà lára iná.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, Nùrẹ́nì ti ṣáájú mi dé. Ó dúró síwájú fírísà tó ṣí sílẹ̀, òórùn gba gbogbo ilé, omi ń ṣàn lórí sìmẹ́ńtì. Mo rántí lójú ẹsẹ̀. Mo wo ìdí iná, Nùrẹ́nì ti ki okùn rẹ̀ bọ ibẹ̀ padà. Mo rò pé kò fura pé èmi ni mo yọ ọ́.

Ó ní, "Mà, ẹ má jẹ́ ká dà á nù. Àwọn tí kò tíì di hóró lè ti kú, àmọ́ àwọn hóró tó sùn ò ní kú. Ẹ jẹ́ ká gbìn wọ́n wò."

Ta ni ì bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ? Ṣé kì í ṣe ohun tí mo fi gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn? Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ yunifásítì ti gbọ́, ìgbìmọ̀ wọn ń bọ̀ wá wo ọ̀rọ̀ náà lọ́sàn-án, ojú sì ń tì mí, mi ò fẹ́ kí fírísà yẹn ní ohunkóhun nínú tí wọ́n á máa bi mí léèrè sí. Mo ní kó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ooru tí a fi ń pa kòkòrò. Ó wò mí. Ó kó o. Àṣìṣe tí mo ṣe ní Ọjọ́bọ̀ kò pa hóró wọ̀nyẹn. Ìbẹ̀rù mi ló pa wọ́n.

Ìgbìmọ̀ bi mí pé ta ló jáde kẹ́yìn. Mo ní, "Nùrẹ́nì ló ní kọ́kọ́rọ́." Ẹ gbọ́ irọ́ tó wọ aṣọ òótọ́! Wọ́n yíjú sí i. Ó ní, "Ohun tí Màmá bá sọ náà ni." Gbólóhùn kan yẹn ló sọ. Wọ́n ní ó kánjú lọ ṣe Iléyá ni, ó sì kó wa sí òfò. Wọ́n fún un ní lẹ́tà ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé aláìbìkítà ni. Kò sí yunifásítì tó rí lẹ́tà yẹn tó gbà á mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tèmi kò tiẹ̀ burú.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan lókè òkun tẹ ìwé jáde. Wọ́n ní àwọn ti rí i pé hóró bakitéríà tó sùn máa ń ka ìgbà tí oúnjẹ bá fara kàn án. Wọ́n tiẹ̀ rí bó ṣe ń ṣe é, ohun tí àwa ò tíì dé ìdí rẹ̀: iyọ̀ kan wà nínú hóró náà, díẹ̀ á jò níbi ìfarakàn kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi tó àkókò àtijí. Iṣẹ́ wọn dára, mi ò jowú wọn. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Mo lọ sétí odò wa lẹ́yìn Alápòtí, bóyá n óò tún rí i bù. Kọnkéré ló wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ti fi ibẹ̀ ṣe ibi tí tírélà ń dúró sí.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo wá Nùrẹ́nì lọ sí Ìgbẹsà. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọ̀rá ló ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọlé, tó ń jáde, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú yẹn! Mo kúnlẹ̀ nínú eruku níbẹ̀, ó sáré gbé mi dìde, ó ní, "Màmá, àwọn èèyàn ń wò yín." Mo ní Nùrẹ́nì, èmi ni.

Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀."

Ó ki ọwọ́ sínú àpò ìwé rẹ̀, ó fa nǹkan kan yọ. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ wò ó. Ìrépé àńkárá aláwọ̀ ewé, ara èyí tí mo fi rán búbà. Nùrẹ́nì ló tú u kúrò lára okùn fírísà láàárọ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó wà lápò rẹ̀ nígbà tó dúró níwájú ìgbìmọ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi pa á mọ́, kò fi hàn ẹnì kankan.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní, "Èmi ti mọ̀ ọ́n, mà. Àwọn tí kò mọ̀ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún." Mo ṣèlérí. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo wá ṣe? Mo dúró. Mo dúró títí ìwé ìfẹ̀yìntì mi fi jáde, tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn mí mọ́. Àní nínú ìrònúpìwàdà mi, mo ṣì ń dáàbò bo ara mi. Irú èèyàn tí ẹ ń yìn láti àárọ̀ nìyẹn.

Alága, mo rí yín, ẹ má tíì ní kí n jókòó, ó kù díẹ̀. Gíwá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ mi sọ lábù kankan. Ẹ fa lẹ́tà Nùrẹ́nì ya, kí ẹ kọ òmíràn sí i. Mo mọ̀ pé kò lè dá ọdún mẹ́jọ padà, mo mọ̀ pé ìwé ayé ti kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀, tí wọn kò sì jí i gbé. Kò sí ohun tí mo lè tún ṣe. Bíọ́lá, gbé fírísà yìí lọ sí lábù, kó o sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lára iná.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣe ohun tí ẹnu yín ò ní lè jẹ́wọ́. Kó má jẹ́ kí ẹ torí orúkọ tiyín ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣì ń wo inú awò, kí ojú yín má ṣe fọ́, kí ẹni tí ẹ bá sá tọ̀ gbà yín gbọ́. Ẹ óò délé láyọ̀, ẹ kò ní pàdé àgbákò lójú ọ̀nà.

Ìyàwó Nùrẹ́nì wà níbí. Mọ̀nsúrát ni obìnrin tó jókòó síbi ilẹ̀kùn yẹn, tó lo híjáàbù dúdú. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó wá bá òun gbọ́ bóyá n óò sọ ọ́. Mọ̀nsúrát, o ti gbọ́. Tó bá béèrè lọ́wọ́ rẹ nílé, sọ fún un pé Màmá sọ ọ́, níṣojú gbogbo èèyàn. Sọ fún un pé Màmá náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ ṣé o.