Ọmọrí Irin Abẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Mi

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ta garawa àti abọ́ tánganran lọ́nà Uwasota ní ìlú Bìní níbí, ọjọ́ kan wà tí omi tán nínú ọkọ̀ panápaná lójú gbogbo wa, iná ò sì tíì kú. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Iná jó ti télọ̀ tán, ó mú ti ẹni tó ń ta fóòmù, ó wá kọjú sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹrosíìnì. Bó bá fi lè dé ibẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọjà ò sí mọ́.

Àwọn panápaná dúró, rọ́bà ọwọ́ wọn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Méjì nínú wọn ti sáré lọ sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń fi dígà gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń wá ẹnu omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́, wọ́n ń làágùn… kò sí nǹkan kan níbẹ̀!

Èmi mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ni mo purọ́ fún wọn.

O ní kí ni? "Grandma, why?" Why kẹ̀! Jẹ́ kí n débẹ̀.

Panápaná kan wà tó ń jẹ́ Osaro, ọmọ Bìní, gíga fíofío. Ní ìparí oṣù, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, kọ́kọ́rọ́ irin gígùn á wà léjìká rẹ̀. Ọmọrí irin kan wà lórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló bo ẹnu omi panápaná. Á ṣí i, á ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, á yí i, omi á tú yàà. Á wò ó títí yóò fi mọ́. Á dé e padà, á fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ẹ rò pé iná pípa nìkan ni iṣẹ́ panápaná? Ọ̀sẹ̀ yìí, ewúrẹ́ ló ń fà yọ nínú kànga. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, igi tó wó lu ilé opó. Kò sẹ́ni tó ń kí wọn kú iṣẹ́. A ní wọ́n ń sùn ni!

Mama Itohan, ìyá ọjà wa, kì í jẹ́ kó gbádùn. "Osaro, that water wey you plant, e don born pikin?" Gbogbo ọjà á bú sẹ́rìn-ín. Osaro ò ní gbójú sókè. Á ní, "Laugh, Mama. Fire no sabi laugh."

Ibi tí ọmọrí yẹn wà wá rẹlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á dárí sínú ọjà mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ iṣẹ́. Mo wo ilẹ̀ yẹn, mo ní ohun tó ń bi mí nínú ti tó. Mo pe bíríkìlà. Ó da kankéré lé e, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo fa ṣọ́ọ̀bù mi jáde dé orí rẹ̀, mo to garawa lé e. Inú mi dùn! Ṣọ́ọ̀bù mi ló fẹ̀ jù lórí ìlà.

Osaro dé níparí oṣù. Ó wò títí. "Madam Garawa, where my iron?"

Mo ní àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ti da yẹ̀pẹ̀ bo ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mo nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Ó wò mí… ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Ibi tí mo nawọ́ sí yẹn ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́jọ́ iná.

Ẹ̀yin ọmọ, ká sọ pé ẹ̀yin ni, kí lẹ óò ṣe? Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Mo wo iná, mo wo ìyàwó oníkẹrosíìnì tó ń sáré pọn ọmọ rẹ̀, mo wo ṣọ́ọ̀bù mi. Mo lọgun: "Osaro! No be there! E dey under my shop!"

Mama Itohan yíjú sí mi. "You? Na you cover am?"

Mo ní, "Na me! Ẹ bú mi tó bá dalẹ́. Bring digger!"

N kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti garawa dànù, mo fa pákó ya. Àwọn obìnrin ọjà bá mi fà á, wọ́n ń fà, wọ́n ń ṣépè fún mi. Mo gba dígà lọ́wọ́ panápaná kan. Ó ní, "Madam, leave am." Mo ní èmi ni mo mọ ojú ibi tí wọ́n ti da kankéré yẹn, ẹ yẹ̀ fún mi! Mo là á lẹ́ẹ̀kíní. Mo là á lẹ́ẹ̀kejì. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Nígbà tó yá, ó dún *gan!* Irin ni.

Osaro ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Omi pupa kọ́kọ́ jáde bí ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́, wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn, rọ́bà le gbagidi. Iná jó ògiri oníkẹrosíìnì dúdú, kò wọlé.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ará ọjà ní kí wọ́n lé mi. "Make Yoruba woman go her place!" Mo dìde. Mo ní mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n n ò lọ ibì kankan. Ta nínú yín ló tíì fọwọ́ ara rẹ̀ wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí? Mama Itohan pòṣé, ó ní, "Leave am. Her mouth strong pass that cement."

Osaro kò bú mi. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá fún mi. "From today, if I see even one groundnut for top this iron, na you I go ask."

Ó ti pẹ́ tí Osaro ti kú. Mama Itohan náà ti lọ. Oníbíà kan kó àga lé ọmọrí irin náà nígbà kan, mo kó àga rẹ̀ sí gọ́tà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ POS gbé agbòòrùn débẹ̀. Ó ní, "Mama, who give you this place?" Mo ní Osaro ni, kó lọ bá a lọ́run. Lónìí, bí iná bá ń jó, fóònù lẹ ń nà sókè, ẹ̀ ń ya fídíò! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yín dí, ẹ fọwọ́ yín ṣí i, bó ti wù kí wọ́n máa wò yín.

Sátidé tó kọjá ni mo kùn ún kẹ́yìn. Ṣé omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀? N ò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.