Aago Mọ́ṣáláṣí Tí Ṣọ́jà Pè Ní Bọ́ǹbù

Allahu Akbar! Ẹ̀yin ará asalátù, ẹ bá mi gbé Ọlọ́hun tóbi! Ẹ wí i sókè!

Ẹ mọ Múfù, àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù ń dún kiri, tí ìjọba ológun ń fura sí gbogbo ayé, ó ń bọ̀ láti Abíjàn. Ó ra aago ògiri bọ̀ fún mọ́ṣáláṣí, bí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe. Kó má baà fọ́, ó fi fóòmù wé e, ó fi wáyà dì í, ó rán an sínú àpò. Àmọ́ kò yọ bátìrì!

Nítòsí ìlú Ara, ṣọ́jà dá ọkọ̀ tó wọ̀ dúró. Ọ̀kan gbétí sí àpò, ó gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ó pariwo, "Bọ́ǹbù!" Wọ́n sá, wọ́n fi èrò ọkọ̀ sílẹ̀! Àwọn tó ń dáàbò bò wá nìyẹn o!

Wọ́n ní kí Múfù fúnra rẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìn àgọ́ wọn. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń nà án.

"Ta ló fẹ́ gba bọ́ǹbù náà?"

"Aago ni, sà. Lèmọ́mù ni."

Ni wọ́n bá tún fẹ́ wá mú lèmọ́mù!

Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ bẹ ọ̀gá wọn pé kó jẹ́ ká tú àpò náà wò. Ó ní, "Ẹni tó ń tú bọ́ǹbù ń bọ̀." Mo tún lọ, ó ń bọ̀. Mo tún lọ, ó ṣì ń bọ̀!

Ìyá wa bá tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé nítorí aago lẹ fẹ́ pa ọmọ mi?" Ó kọjá lára wọn lọ sídìí àpò.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ ó kú o!"

Gbogbo wọn ti dojú bolẹ̀. Màmá fi eyín já òwú, ó tú wáyà, ó gbé aago sókè. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin akọni. Ìrun ti tó."

Wọ́n tú Múfù sílẹ̀. Alihamudulilaahi! Àmọ́ ẹnì kankan nínú wọn ò sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́."

Tẹ́lẹ̀, àwọn ará Ara máa ń gbé omi fún ṣọ́jà wọ̀nyẹn; wọn ò gbé e mọ́. Àgbẹ̀ kan níbẹ̀ sọ fún mi pé, "Bí mo bá rí bọ́ǹbù gidi lónìí, n ò ní sọ. Wọ́n á ní èmi ni mo ni ín."

Ẹ̀yin tí èèyàn yín ṣì wà ní àhámọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ lọ, ẹ tún lọ, ẹ má dá lọ. Ọlọ́hun ò sùn. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Aago náà ló wà lára ògiri yẹn. Bí lèmọ́mù bá ṣàdúà fún wa, ìyá mi á ṣàmín. Tó bá kan àdúà fún ìjọba, ẹ wojú ìyá mi: aago ni yóò máa wò.