Kásẹ́ẹ̀tì Èkó Tí Kò Ní Àwọ̀

Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Avéa, àdúgbò kan nílùú àwọn tó ń sọ Faransé, mo fẹ́ dá kásẹ́ẹ̀tì padà, nígbà tí télọ̀ ará orílẹ̀-èdè Benin kan tó wà níwájú mi gbé kásẹ́ẹ̀tì méjì lé orí tábìlì, fíìmù àtijọ́ kan náà, ti àwọn ọkùnrin tó sọnù sáàárín ìràwọ̀.

"Bọ̀dá, èyí tí mo yá lọ́wọ́ yín, Faransé ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ibẹ̀ pupa bí epo. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi ní Èkó, dúdú àti funfun ni látòkèdélẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé ó fi gbàrọgùdù tàn mí jẹ, pé kó má pè mí ní àbúrò mọ́."

Ọmọ Èkó tó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti yára jù. Bí tẹlifíṣọ̀n Èkó ṣe ń gbé àwọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn Faransé. Àwọ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yín, tẹlifíṣọ̀n ilé yín ni kò gbọ́ èdè rẹ̀."

"Ẹ má wulẹ̀ máa tù mí nínú."

Ọmọ Èkó náà ti kásẹ́ẹ̀tì Èkó sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń gba méjèèjì. Ojú ọ̀run pupa yọ, ó tilẹ̀ mọ́ ju ti Faransé lọ.

Télọ̀ mí kanlẹ̀. "Kò gbọ́ èdè rẹ̀," ló ń sọ ṣáá, "kò kàn gbọ́ èdè rẹ̀ ni." Ara tu èmi tí kò mọ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

"Ẹ jókòó, kí ẹ wò ó tán," ni ọmọ Èkó wí.

"Fíìmù ò ní í sá lọ. Ṣé la poste tí a ti ń fóònù ṣì ṣí? Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ pè."