Mo Pa Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Àwọn Ẹja Nítorí Àdúrà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ̀rù ń bà mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ṣe ohun kan tí kò dára, mo sì fi pamọ́ fún gbogbo ayé, títí kan ìyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ohun tó lé mi dé ibí ni pé ọ̀túnla ni ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ọmọ mi obìnrin, tí n ó máa pè ní Mofẹ́ nínú ìwé yìí, máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń bójú tó adágún omi kan, yóò sì ka irọ́ sí wọn létí. Kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo ni irọ́ náà. Inú mọ́tò ni mo wà báyìí, níbi tí a ń páàkì sí ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kí n wọlé. Orí fóònù ni mo ti ń kọ èyí.

Ìlú Garland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ni ilé mi wà. Iṣẹ́ mi ni láti máa fún àwọn tí kò lè mí dáadáa ní afẹ́fẹ́. Èmi ni wọ́n máa ń sáré pè tí èémí aláìsàn bá fẹ́ bọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń dùn mí jù.

A tó ogún ọkùnrin nínú ẹgbẹ́ apẹja wa, ọmọ Yorùbá sì ni gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló dá a sílẹ̀. Alàgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ó rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ṣe ìdíje mímú báàsì, ẹja ńlá inú adágún, ó ní kí ló dé tí àwa náà ò lè ṣe tiwa.

Ìdíje ọ̀hún ò le. Wàá fi ìwọ̀ mú ẹja, wàá fi í sínú àpótí omi tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ, wàá gbé e wá sí èbúté lọ́sàn-án kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù ló gba ife. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹja á padà sínú adágún láàyè. Dandan ni kí wọ́n padà láàyè. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ pẹja, ẹ ò sì pa á. Kí lẹ wá lọ ṣe?"

Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó àgbá. Àgbá ńlá kan ni, tí a ń da àwọn ẹja sí lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀n wọ́n tán, kí á tó kó wọn padà sómi. Ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà. Alàgbà ní, "Ìwọ tó ń fún èèyàn ní ọ́síjìn, ṣé ti ẹja ló máa wá ṣòro fún ọ?" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Ìparí oṣù kẹrin ni a ṣe ìdíje wa àkọ́kọ́. Oòrùn ti ń mú. Adágún náà ò tóbi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹja ńláńlá wà létí omi bí ẹni pé wọ́n ń dúró dè wá. A ò mọ ìdí rẹ̀. A ní ojú rere Ọlọ́run ni. Nígbà tó máa fi di aago kan, ẹja méjìdínlógójì ló wà nínú àgbá mi. Mo tan ẹ̀rọ, ó ń ké bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré.

Ó yẹ kí á kó wọn padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Alàgbà ní ìdíje àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí à ń parí láìgbàdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ariwo ẹ̀rọ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó la ojú kan, ó wò mí. "Pa nǹkan yẹn jàre, àdúrà ń lọ."

Mo pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tí ò ní pa á?

Àdúrà náà gùn. Ó gbàdúrà fún ẹgbẹ́. Ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa, fún àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde, fún àwọn òbí wa nílé, fún Nàìjíríà, fún Amẹ́ríkà. Mo ń ṣe àmín. Lẹ́yìn àmín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àlejò pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì ní ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ tí kò ráńpẹ́ láti sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fọ́tò. Mo wà nínú fọ́tò náà, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi. N ò lè yọ ọ́, torí ìyàwó mi á béèrè ìdí.

Mo gbàgbé ẹ̀rọ náà. Kò sí ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo gbàgbé.

Ó ti lé ní wákàtí kan kí n tó padà sídìí àgbá. Ikùn funfun ni mo kọ́kọ́ rí. Àwọn díẹ̀ ṣì ń ya ẹnu, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń ya á. Mo mọ bí ẹni tí kò rí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ya ẹnu. Mo ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Mo sáré tan ẹ̀rọ, mo ń fi ọwọ́ ru omi, mo ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ èèyàn. Méje péré ló sọjí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kú.

Àwọn yòókù ti lọ jẹun lábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni ò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo da méje náà sínú adágún. Mo kó àwọn òkú sínú kúlà méjì, mo da yìnyín bò wọ́n, mo gbé wọn sẹ́yìn mọ́tò. Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́tò ni Alàgbà dé pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Àwọn ẹja wa ńkọ́? Ṣé wọ́n wà dáadáa?"

Mo ní, "A dúpẹ́, sà."

Ẹ mọ ohun tí "a dúpẹ́" lè gbé. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ náà ń sọ ọ́. N ò purọ́, n ò sì sọ òótọ́. Alàgbà fọwọ́ gbá mi léjìká, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú fọ́ọ̀mù kan wá tí àwọn tó ń bójú tó adágún ń gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjìdínlógójì ni a mú, méjìdínlógójì ni a dá padà láàyè. Ó ku kí alábòójútó àgbá fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Ìyàwó mi ni mo kó àwọn ẹja náà fún. Mo ní mo rà wọ́n ni. Ó jókòó tì wọ́n ní kíṣìnnì, ó ń la ikùn wọn. Ó ní, "Bàbá Mofẹ́, níbo lẹ ti rí àwọn ẹja yìí? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ní ẹyin nínú." Mo ní n ò mọ̀. Ó dín díẹ̀, ó kó èyí tó kù sí fìrísà. Mofẹ́ wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì jẹ nínú rẹ̀. Ó ní ó dùn.

A padà sí adágún náà lọ́dún kejì, ní oṣù kan náà. Ẹja ti dín. Ní ọdún kẹta, ìyẹn ọdún tó kọjá, àwọn kéékèèké nìkan ni a rí, ọ̀pọ̀ wa ò sì rí ohunkóhun gbé wá sórí ìwọ̀n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn tó ń pẹja jẹ ló kó wọn tán, àwọn tó ń jókòó sórí àga létí omi pẹ̀lú ike wọn. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan nínú àwọn yẹn ni bàbá aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tó máa ń ti ìlú DeSoto wá. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ nígbà tí n ò tíì mú ẹja kankan rí láyé mi.

Mofẹ́ wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ní Arlington. Ìmọ̀ àwọn ohun abẹ̀mí inú omi ló ń kọ́. Wọ́n ní kí ó wádìí bóyá ìdíje ẹja báàsì ń pa adágún lára. Adágún wa ló yàn, nítorí bàbá rẹ̀. Alàgbà fi ìdùnnú fún un ní fọ́ọ̀mù ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mofẹ́ ló là mí lójú. Ó ní oṣù kẹrin ni báàsì máa ń sún mọ́ etí omi láti yé ẹyin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní tí a bá tilẹ̀ dá ẹja padà láàyè ní èbúté tó jìnnà sí ibi tí a ti mú un, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á ti jẹ ẹyin rẹ̀ kó tó dé. Ó wá rẹ́rìn-ín. "And guess who guards the eggs, Daddy? The dad! Isn't that cute?"

Bàbá ẹja ló ń ṣọ́ ẹyin. Mo ní ó wuyì.

Ó ní ìdíje lè pa adágún lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiwa ò lè ṣe é, torí ìwé ti fi hàn pé kò sí ẹja tó kú lọ́wọ́ wa, àti pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni lọ́dún. Ó ní ó ní láti jẹ́ àwọn tó ń pẹja jẹ létí omi. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa dábàá pé kí wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí ẹja ń yé ẹyin. Wọ́n á lé bàbá DeSoto náà, kò sì ní mọ ohun tó ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Mofẹ́ pè mí. "Daddy, just confirming. That first year, all thirty-eight lived, right?"

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mo fẹ́ sọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni, "We thank God, my dear."

Ó ní, "Okay, perfect," ó sì pa fóònù.

Ibí ni a bí i sí. Èmi àti ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ ní Yorùbá tó bó ṣe yẹ. Kò mọ̀ pé òkú lè wà lábẹ́ ọpẹ́. Bí bàbá rẹ̀ bá ti dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ló túmọ̀ sí létí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà n ò sùn dáadáa. Bí mo bá rí mọ́tò àwọn olùṣọ́ ẹja ti ìjọba, mo máa ń yà gba ọ̀nà míì. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ tí ọmọ mi ti ń ṣe láti ọdún tó kọjá máa wó lójú gbogbo èèyàn, ó sì lè má fojú bàbá wò mí mọ́. Bí mo bá dákẹ́, tí ẹlòmíì sì tú u, wọ́n á ní ńṣe ló bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń lé e bá. Tèmi ò ju ọdún mẹ́ta lọ, mo sì ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ òtítọ́ lẹ́yìn mi.

Láàárọ̀ yìí, Mofẹ́ fi fọ́tò ohun tó máa gbé sójú ògiri lọ́jọ́ Ẹtì ránṣẹ́ sí mi. Fọ́ọ̀mù ọdún àkọ́kọ́ ni. Ó fi àwọ̀ yẹ́lò yí orúkọ mi po níbi tí mo fọwọ́ sí. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Look Daddy, you're famous."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé Alàgbà ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún, nítorí ọwọ́ òun ló kọ fọ́ọ̀mù náà? Ṣé kí n wakọ̀ lọ sí Arlington tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, kí n jókòó ti ọmọ mi? Pẹ̀lú ẹnu wo ni n ó fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ẹ sá sọ òótọ́ fún mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Tí ọ̀rọ̀ mi bá sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé a dúpẹ́.