Àmín Tí Mo Ṣe sí Orúkọ Tí Wọn Ò Pè

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún 2001. Kò dà, kò sì fẹ́ wá síta. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síwájú yín lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì di imú.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni lẹ́tà kan tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Japan ló ti wá. Ọmọ ọ̀tá mi ló kọ ọ́, ó sì kí mi nínú rẹ̀ bí ọmọ gidi ṣe ń kí bàbá. Ìkíni yẹn ló ń gún mi jù.

Àgádágodo ni mò ń tà ní Adjamé, nílùú Abidjan. Attécoubé ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé Faransé sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rí àṣìkọ, kó fojú fò ó.

Sàlámì ni bàbá mi ń jẹ́. Òun àti Bùráímọ̀ ló jọ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé Alápó. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibí, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn ní Boribana létí ọ̀sà, ní Attécoubé yìí. Bùráímọ̀ yìí ló bí Làmídì. Làmídì ni ẹni tí mo ṣẹ̀. Òun ló sì kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, ní Sọ́ńdè tó bá tẹ̀lé Iléyá, akọ̀wé á dìde, á pe orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ dé, á sì dárúkọ ilé tí oníkálukú wọn ti wá. Bó bá ti pe ọ̀kan, a ó ṣàdúrà fún un, a ó ní àmín. Ẹni tí wọ́n bá pe bàbá rẹ̀ á na ọrùn díẹ̀. Nínú káàdì tí ìjọba fún wa, àjèjì ni wá. Lọ́jọ́ yẹn nìkan ni a máa ń jẹ́ ọmọ ilé lágbájá.

Ní 1999, Làmídì di akọ̀wé. Mi ò nawọ́ sókè fún un lọ́jọ́ ìdìbò, ó sì rí mi. Ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní gègé méjì lápò. Ó ní ìwé orúkọ ti gbó, òun máa dà á kọ sínú òmíràn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tirẹ̀. Ó ń pè é lọ, ó ń pè é lọ, ó pa ìwé dé. Kò pe bàbá mi.

Mo dìde. Mo ní, "Làmídì, bàbá mi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò sí nínú registre. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i."

"Bàbá mi ò mọ̀wé. Bàbá tìrẹ náà ò mọ̀wé. Orí ẹní kan ni wọ́n jọ sùn."

"Ìwé ni mò ń tẹ̀lé, mi ò tẹ̀lé ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgádágodo, ẹ fi ọ̀kan ti ẹnu yín, ká lè parí ìpàdé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ojo ni mí. Mo rò pé bí mi ò bá rín, wọ́n á mọ̀ pé ó dùn mí. Mo délé, mi ò lè jẹun. Lọ́dún kejì, kò pè é. Mo gbé e sínú, mo ń dúró.

Ohun tí mò ń dúró dè wá láti òkè òkun. Obìnrin ará Japan kan ni, Madame Yúkò. Àwọn ọmọ ọkọ̀ gbákà ń pariwo "la Chinoise", obìnrin Ṣáínà, tẹ̀lé e, kò dá wọn lóhùn. Ó gbọ́ Faransé jù mí lọ, ó sì lè kí ènìyàn ní Yorùbá tòun ti ìkúnlẹ̀. Yunifásítì aládàáni kan lọ́hùn-ún ló rán an wá.

Ó ní yunifásítì àwọn ní ilé ìwádìí lóríṣiríṣi. Mo ní bíi mélòó? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, ìka tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà fún ilẹ̀ tó ń mì tìtì. Ọ̀kan wà fún omi. Ọ̀kan wà fún àwọn arúgbó, láti mọ ohun tó ń mú wọn pẹ́ láyé. Ọ̀kan wà fún àlàáfíà, mo ní kí àwọn yẹn tètè wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ó ní ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé oúnjẹ tí wọ́n bo mọ́lẹ̀ títí tó fi kan nìkan ni wọ́n ń wádìí. Mo ní ìyàwó mi ti ṣí ẹ̀ka rẹ̀ sílé wa, kó wá gbóòórùn irú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀.

Ilé ìwádìí tirẹ̀ ni ti àwọn ènìyàn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ gbé níbòmíràn. Ó ń wá ẹni tó lè sọ bí àwa Yorùbá ṣe dé Attécoubé. Akọ̀wé ló yẹ kó bá, ṣùgbọ́n Làmídì ti lọ ra ọjà ní Bouaké lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n bá mú un wá bá mi.

Ó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lé orí àpótí àgádágodo. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀rọ náà bà mí débi pé mo kí i, mo ní bonjour. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ẹni tí Bùráímọ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo ti ṣẹ̀.

Mo ní Bùráímọ̀ kì í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní bàbá mi ló rí i lójú ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ti dúró sinmi, kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Mo ní bàbá mi ló ṣàánú rẹ̀, ló yá a ní orúkọ ilé wa. Ó béèrè pé ilà ojú rẹ̀ ńkọ́, nítorí ó ti rí fọ́tò rẹ̀. Mo ní, "Abidjan níbí ni wọ́n ti kọ ọ́ fún un. Ó ti hu irùngbọ̀n nígbà náà." Irọ́ tó bá ti ní irùngbọ̀n máa ń jọ òótọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo ti purọ́ tó, mi ò ní fi èyí purọ́ fún yín. Mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti 1999.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ogun ti pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Ọkùnrin kan tún dé láti yunifásítì kan náà, Monsieur Kẹ́ńjì. Ilé ìwádìí omi ni ti òun. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀sà ṣe ń wọ ilé àwọn ènìyàn ní Boribana látijọ́, ilé ta ni omi gbé, ìgbà wo ni. Mo sọ òótọ́ fún un. Kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ omi? Mo ní Sàlámì àti Bùráímọ̀, ọmọ ilé Alápó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló jọ kan ilé pákó kan síbẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ kan omi wọlé, ó mu bàbá mi dé àyà, bàbá mi ń fa ìyá mi lọ́wọ́. Mo ní Bùráímọ̀ ló gbé mi sọ́rùn gun òkè, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí.

Ohùn mi fẹ́ yí padà níbẹ̀. Mo díbọ́n pé ikọ́ ni.

Mo mọ̀ pé yunifásítì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọjà ni èmi mọ̀. Ní Adjamé, ìsọ̀ méjì lè fara kan ara wọn fún ogún ọdún, kí ẹni yìí má mọ ohun tó wà nínú ìsọ̀ ẹni yẹn. Oníkálukú ló ní àgádágodo tirẹ̀, èmi ni mo tà á fún wọn. Mo rò pé ilé ìwádìí omi ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ti àwọn ènìyàn ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé yàrá ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kó ìwé wọn sí.

Làmídì ní ọmọbìnrin kan, Ràmátù. Orí rẹ̀ pé. Madame Yúkò ló bá a wá àyè ní yunifásítì náà, ó sì lọ ní 2009. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi rí ìwé tí Madame kọ nípa wa. Ó kà á, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

Mo rí Làmídì lókèèrè tó ń bọ̀ wá sí ìsọ̀ mi. Ẹsẹ̀ mi ò dúró gba ìmọ̀ràn. Mo gbé búútà, mo sá wọ ilé ìgbẹ́ mọ́sálásí, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Nígbà tí mo jáde, ó ṣì ń dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ń run yín ni?"

"Ó ti ń lọ."

Ó lóṣòó síwájú mi, òun tí kì í kí mi láìfọwọ́ sápò. "Ẹ̀gbọ́n, Ràmátù kà nínú ìwé kan pé bàbá mi ò nílé. Wọ́n ní àgbàlagbà kan tó ń ta àgádágodo ní Adjamé ló sọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mi ò múra èyí. Kò bínú. Ó ti gbà á gbọ́.

"Bàbá mi ò mú mi lọ sílé rí," ó ní. "Bí mo bá ní ká lọ, wọ́n á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀." Ó fa fọ́tò Bùráímọ̀ yọ, èyí tí wọ́n yà ní Treichville, àti dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ilà ọmọdé nìyí àbí ti àgbà?"

Mo gba dígí. Mo wo ojú Bùráímọ̀. Ó wò mí. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n etí mi tún gbọ́ ẹ̀rín gbogbo ilé. Mo dá dígí padà fún un, mo ní, "Làmídì, ìwé ni kí o tẹ̀lé."

Ó ki fọ́tò padà sápò. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò lọ béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó mọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ti kú. Àti pé ta ni ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn, tí ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yín ni mí?

Iléyá ọdún 2010 dé. Làmídì dìde níbi ìpàdé, ó ṣí ìwé. Orúkọ tó kọ́kọ́ pè, bó ṣe wà nínú ìwé Madame, ni Sàlámì, ilé Alápó. Fún ọdún mọ́kànlá mi ò gbọ́ ọ. Mo na ọrùn. Mo ṣe àmín tó mi òrùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ó dùn. Bí mo bá ní kò dùn, mo tún purọ́.

Lẹ́yìn bàbá mi, ó yẹ kó kan Bùráímọ̀. Làmídì dákẹ́. Ó wò mí, bí ẹni tó rò pé mo lè rántí nǹkan kan. Ó ṣí ewé kejì. Àwọn tó kù rò pé awò ojú rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú àlàfo yẹn, mo sì ní "Àmín" sí i, sókè ketekete. Ẹni tó jókòó tì mí bojú wò mí. Ó ní, "Tọ̀ntọ́n," bí àwọn ọ̀dọ́ ibí ṣe ń pe ẹni tó tó bàbá wọn, "wọn ò tíì pe ẹnì kankan."

Ìgbà tí ìbọn ìjà ìdìbò ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nílùú lọ́dún 2011 yìí ni lẹ́tà Ràmátù dé. Faransé ló fi kọ ọ́, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun tún rí ìwé tí Monsieur Kẹ́ńjì kọ. Ó ní, "Tọ̀ntọ́n, ẹ̀yin náà lẹ sọ méjèèjì. Nínú ìwé àwọn ènìyàn, wọ́n rí bàbá àgbà mi he lójú ọ̀nà. Nínú ìwé omi, ó gbé yín sọ́rùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní purọ́, bóyá ẹni tó tú u ló ṣì í tú. Wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ fún ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀rí yín ni wọ́n ń dúró dè. Èwo ni kí n sọ pé ẹ sọ? Mi ò tíì sọ fún Papa." Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi fo bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fo tirẹ̀. Inú mi kan ní kó pé mọ́kànlá. Mo sọ fún inú náà pé mi ò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé, àfi bí ilé ìwádìí àwọn arúgbó bá gbà mí. Inú kejì ń wú ikọ́.

Ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Làmídì á tún dé ibi àlàfo yẹn, á tún wò mí. Bí mo bá dìde, gbogbo ilé á mọ ohun tí mo ṣe, ọmọ yẹn á sì mọ ẹni tó ń kí ní bàbá. Mo ti ń dán an wò nínú ìsọ̀, èmi àti àwọn àgádágodo. Mo lè pe Bùráímọ̀ báyìí, ẹnu mi gbé e. Ilé tó ti wá ni mi ò tíì lè pè, nítorí pé ilé wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe irú èyí rí nínú yín, báwo lẹ ṣe pè é?